Bí Díísìkì Kan Bá Kú, Ta Ni Yóò Sọ Fún Yín?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kan ẹ̀yin oníṣòwò ìgboro àti ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́, nítorí pé ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ti kó ìwé yín kúrò nínú àpótí lọ sínú kọ̀ǹpútà. Ìwé gbèsè tí ìyá aláṣọ máa ń fi sí abẹ́ ìrọ̀rí ní àtijọ́, inú kọ̀ǹpútà ni ó wà nísinsìnyí. Ìwé máàkì tí tíṣà máa ń fi yíǹkì pupa àti yíǹkì dúdú kọ, òun náà ti wọ ibẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo gan-an ni ó wà nínú kọ̀ǹpútà náà? Orí díísìkì ni. Díísìkì sì jẹ́ ohun tí ń kú.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni kí n máa tọ́jú kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti àwọn oníṣòwò ń kó ìwé wọn sí. Nínú iṣẹ́ náà, mo ti rí díísìkì tí kò lo ọdún kan kí ó tó kú, mo sì ti rí èyí tí ó ṣiṣẹ́ títí ẹni tí ó rà á fi gbàgbé ọdún tí ó rà á. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé tèmi kò ní kú lọ́la. Àwọn baba wa ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ìdí òwe yìí ni a fi ń kó díísìkì méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀, kí wọ́n di ọ̀kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà, kí ó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá ṣubú, àwọn ìyókù yóò máa gbé ẹrù náà lọ. Àgbájọ díísìkì ni n ó máa pè é.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ mi. Àgbájọ yìí ní ìwà kan tí ó ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí ìyọnu. Bí ọ̀kan nínú àwọn díísìkì náà bá kú, ìyókù kì í kígbe. Iṣẹ́ yóò máa lọ, ìwé yóò máa ṣí, ojú kọ̀ǹpútà yóò máa tàn bí ti àná. Ẹni tí kò bá bi í léèrè kò ní mọ̀ pé òkú ti wà nínú ilé.

IBI TÍ ỌGBỌ́N NÁÀ TI ṢẸ̀

Ní ọdún 1988, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta ní Yunifásítì California tí ó wà ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Orúkọ wọn ni David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz. Ní ìgbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń ra díísìkì ràgàjì tí owó rẹ̀ pọ̀ púpọ̀, nígbà tí díísìkì kéékèèké tí wọ́n ń tà fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé yìí ní kí a kó àwọn kéékèèké olówó pọ́ọ́kú náà pọ̀ kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ ọ̀kan ńlá.

Wọn kò tan ara wọn jẹ. Wọ́n mọ̀ pé bí díísìkì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ikú ọ̀kan nínú wọn yóò ṣe máa súnmọ́ sí i. Ẹni tí ó ń sin ogún ewúrẹ́ yóò rí òkú ewúrẹ́ ju ẹni tí ó ń sin ẹyọ kan lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní kí a máa ya àyè díẹ̀ sọ́tọ̀ lára àwọn díísìkì náà fún ohun tí a ó fi tún èyí tí ó bá kú ṣe. RAID ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, RAID náà ni a sì ń pè é títí di òní.

ORÍṢÌÍ ÀGBÁJỌ TÍ Ó WÀ

Nọ́mbà ni a fi ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. RAID 1 ni ó rọrùn jù láti yé ni. Ó dà bí akọ̀wé méjì tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà sínú ìwé méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ó wà lórí díísìkì kìn-ín-ní ni ó wà lórí èkejì. Bí ẹ bá ra díísìkì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba tẹ́rábáìtì 2, tẹ́rábáìtì 2 náà ni ẹ ó rí lò; ìyókù ni owó ìfọ̀kànbalẹ̀.

RAID 5 ń fẹ́ díísìkì mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ṣe àlàyé rẹ̀. Bí Àìná bá ní ọsàn 7, tí Òjó ní 5, kí ẹnì kẹta kọ àròpọ̀ wọn, 12, sí ọwọ́. Bí Òjó bá gbàgbé iye tirẹ̀, a ó yọ 7 kúrò nínú 12, 5 yóò sì jáde. Bí ó bá jẹ́ Àìná ni ó gbàgbé, a ó yọ 5 kúrò. Bí ó sì jẹ́ ẹnì kẹta ni ìwé rẹ̀ sọnù, a ó ṣe àròpọ̀ náà lọ́tun. Ṣùgbọ́n bí ẹni méjì bá gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe àròpọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ohun tí ó ń wò ni bóyá iye àmì 1 tí ó wà káàkiri àwọn díísìkì náà ṣeé pín sí méjì dọ́gba tàbí kò ṣeé pín. Síbẹ̀, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Ó sì ń pín iṣẹ́ kíkọ àròpọ̀ náà kiri, kí ó má bàa jẹ́ pé díísìkì kan ṣoṣo ni yóò máa gbé e. Díísìkì mẹ́ta tí ó gba tẹ́rábáìtì 2 lọ́kọ̀ọ̀kan yóò fún yín ní tẹ́rábáìtì 4.

RAID 6 ń fẹ́ díísìkì mẹ́rin ó kéré tán, oríṣìí ìṣirò méjì ni ó sì ń pa mọ́, tí ó fi jẹ́ pé díísìkì méjì lè kú kí ìwé má sọnù. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ sá fún ni RAID 0. Ńṣe ni ó ń gé ìwé sí wẹ́wẹ́ tí ó ń pín in sórí gbogbo díísìkì láti lè yára, kò sì pa ohunkóhun mọ́ fún ọjọ́ ìpọ́njú. Bí ọ̀kan bá kú, gbogbo rẹ̀ lọ. Fún ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé-ẹ̀kọ́ tí kò tóbi púpọ̀, RAID 1 tó lójú tèmi.

BÍ A ṢE Ń PÀṢẸ FÚN UN

Àwọn kan máa ń ra káàdì pàtàkì kan tí yóò máa ṣe iṣẹ́ àgbájọ náà. Kò burú, ṣùgbọ́n bí káàdì náà bá kú, ẹ lè ní láti wá irú rẹ̀ kí ẹ tó rí ìwé yín kà. Ọ̀nà kejì ni kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ṣe é láìsí káàdì kankan. Linux, tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní 1991, mọ iṣẹ́ yìí í ṣe dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni. Irinṣẹ́ tí a fi ń darí rẹ̀ ni mdadm, tí Neil Brown kọ ní ilẹ̀ Ọsirélíà ní 2001. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ó ń kọ àmì ẹgbẹ́ sí ara díísìkì kọ̀ọ̀kan, bí ilà ojú ṣe máa ń fi ọmọ ìlú hàn láyé àtijọ́. Bí kọ̀ǹpútà yín bá jóná tí díísìkì kò jóná, ẹ lè kó wọn lọ sínú kọ̀ǹpútà Linux mìíràn, yóò wo ilà ara wọn, yóò sì mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

mdadm kò ní àwòrán tí ẹ ó máa tẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni a ń kọ sí i lójú dúdú, a ó sì tẹ bọ́tìnì kí ó lọ jẹ́ ẹ. Níbẹ̀ ni ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Yorùbá ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ òwe yìí rí. Bí ẹ bá rán an ní iṣẹ́ ẹrú, bí ẹrú gan-an ni yóò ṣe jẹ́ ẹ.

Àṣẹ tí a fi ń dá RAID 1 sílẹ̀ nìyí:

mdadm --create /dev/md0 --level=1 --raid-devices=2 /dev/sdb1 /dev/sdc1

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: dá àgbájọ kan sílẹ̀ kí ó máa jẹ́ md0, oríṣìí kìn-ín-ní, díísìkì méjì, àwọn náà sì ni sdb1 àti sdc1. Ohunkóhun tí ó bá ti wà lórí méjèèjì tẹ́lẹ̀, ẹ kà á sí ohun tí ó ti lọ. Lẹ́yìn èyí ni a ó kọ orúkọ àgbájọ náà sínú ìwé ìrántí kọ̀ǹpútà báyìí, lórí Debian àti Ubuntu:

mdadm --detail --scan >> /etc/mdadm/mdadm.conf

A ó sì fi update-initramfs -u tẹ̀lé e, kí kọ̀ǹpútà lè máa rántí rẹ̀ nígbà tí ó bá ń jí.

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ kan. Bí ó bá di ọjọ́ kan tí kọ̀ǹpútà jí tí kò rí àgbájọ náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré tún àṣẹ --create kọ. Ẹni tí ó ń dá ilé sílẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ó ń kó ará ilé jọ. Èyí tí ń kó wọn jọ láìba ìwé jẹ́ ni:

mdadm --assemble --scan

LẸ́TÀ U MÉJÌ

Wàyí o, ọ̀rọ̀ dé ibi tí mo ń lọ. Báwo ni a ṣe ń bi àgbájọ léèrè àlàáfíà rẹ̀? Àṣẹ kúkúrú kan ni:

cat /proc/mdstat

Yóò kọ ìlà díẹ̀ jáde. Bí ẹ kò tilẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan, ẹ wo ibi tí ó ti kọ [2/2] [UU]. U kọ̀ọ̀kan jẹ́ díísìkì kan tí ó wà láàyè. Bí ó bá kọ [2/1] [U_], ilà tí ó wà nílẹ̀ níbi tí U kejì ì bá wà, òkú ni. Ẹni tí ó bá lè ka owó ọjà lè ka U. Bí ẹ bá sì fẹ́ kúlẹ̀kúlẹ̀, mdadm --detail /dev/md0 yóò sọ èyí tí ó ṣubú. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà degraded níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ti yẹ̀ lára ìjókòó náà.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni ohun tí ojú mi rí ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní í dárúkọ. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí nígbà tí kọ̀ǹpútà wọn kò jí mọ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ó ní, “Àbúrò, ẹ̀rù kò bà mí. Ẹni tí ó tò ó fún wa sọ pé díísìkì méjì ni, pé bí ọ̀kan bá kú, èkejì wà.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n wò wọ́n ná.”

Mo yọ méjèèjì, mo so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà tèmi, mo sì fi mdadm --examine wo àmì ara wọn. Èkíní kò dáhùn rárá. Òun ni ó kú lọ́sẹ̀ náà. Èkejì dáhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ọjọ́ tí wọ́n kọ nǹkan sí i kẹ́yìn, oṣù mẹ́sàn-án ti kọjá. Láti oṣù mẹ́sàn-án ni ó ti já kúrò nínú ẹgbẹ́, tí [U_] ti wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni kò wò ó. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ láti ìgbà náà, orí ẹyọ díísìkì kan ṣoṣo ni wọ́n kọ ọ́ sí, òun sì ni ó kú yìí.

Mo rí ìwé wọn àtijọ́ gbà padà lára èyí tí ó dáhùn. Ti oṣù mẹ́sàn-án lọ. Máàkì ọmọ, owó ilé-ẹ̀kọ́ tí òbí san àti èyí tí wọ́n jẹ, ó lọ. Àwọn olùkọ́ ní láti máa gba ìwé èsì ìdánwò lọ́wọ́ àwọn ọmọ padà, kí wọ́n lè dà á kọ. Àwọn òbí tí ó pa rìsíìtì mọ́ ni a rí ẹ̀rí owó tí wọ́n san; àwọn tí kò pa á mọ́ di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn. Ọ̀gá náà jókòó, ó bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò gbàgbé: “Ta ni ì bá ti sọ fún wa?”

ẸNI TÍ YÓÒ MÁA ṢỌ́ ỌNÀ

Kọ̀ǹpútà náà ni ì bá ti sọ, bí wọ́n bá ti rán an. mdadm ní iṣẹ́ olùṣọ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, tí yóò fi ìwé ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí ẹni tí a bá yàn, ní kété tí díísìkì kan bá ṣubú. Inú ìwé /etc/mdadm/mdadm.conf tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni a ó kọ ọ̀rọ̀ náà MAILADDR sí, a ó sì kọ àdírẹ́sì ẹni náà tẹ̀lé e. Kí ẹ má sì gbà á gbọ́ lásán. Ẹ dán an wò:

mdadm --monitor --scan --oneshot --test

Ìwé ìdánwò yẹ kí ó dé bá ẹni náà. Bí kò bá dé, ó lè jẹ́ pé a kò tíì tò ó kí kọ̀ǹpútà náà lè máa fi ìwé ránṣẹ́ síta rárá. Olùṣọ́ tí kò ní ohùn kò sàn ju àìní olùṣọ́ lọ. Ẹ fi àdírẹ́sì ẹni tí ń ka ìwé rẹ̀ sí i, ẹ má fi ti ẹni tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ sí i.

Ohun kejì ni àyẹ̀wò oṣooṣù. Apá kan lè ti bàjẹ́ lára díísìkì tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, kí a má mọ̀, nítorí pé ó ti pẹ́ tí a ti ka ibẹ̀ gbẹ̀yìn. Ọjọ́ tí ẹnìkejì rẹ̀ bá kú, tí a gbójú lé e, ni àṣírí yóò tú. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Lórí Debian, kọ̀ǹpútà máa ń ka gbogbo àgbájọ láti òkè dé ilẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù. Bí tiyín kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àṣẹ yìí ni yóò mú un ṣe é:

echo check > /sys/block/md0/md/sync_action

PÍPÀÀRỌ̀ ÈYÍ TÍ Ó KÚ

Bí ìròyìn ikú bá dé, ẹ má sáré. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àṣìṣe tí ó burú jù ní ọjọ́ náà ni kí a yọ díísìkì tí ó yè, kí a fi òkú sílẹ̀. Orúkọ bíi sdb tàbí sdc lè yí padà bí kọ̀ǹpútà bá sùn tí ó jí, nítorí náà nọ́mbà tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ sára díísìkì ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. lsblk -o NAME,SIZE,SERIAL yóò fi nọ́mbà kọ̀ọ̀kan hàn yín. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé nígbà tí ara gbogbo wọn le, ẹ sì lẹ bébà mọ́ ara wọn níta. Lẹ́yìn náà:

mdadm /dev/md0 --fail /dev/sdc1
mdadm /dev/md0 --remove /dev/sdc1

Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ òkú, ẹ fi tuntun tí kò kéré sí ti àtijọ́ sí i. Ẹ pín in bí ti ẹnìkejì rẹ̀, ẹ tún orúkọ rẹ̀ wò, kí ẹ tó kọ àṣẹ ìkẹyìn:

mdadm /dev/md0 --add /dev/sdc1

Àgbájọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí da ìwé kọ sórí tuntun náà. Díísìkì ńlá lè gbà á ní ọ̀pọ̀ wákàtí, cat /proc/mdstat yóò sì máa sọ ibi tí ó dé. Ní gbogbo wákàtí wọ̀nyẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ń gbé ẹrù náà. Ẹ̀yin náà mọ bí iná mànàmáná wa ṣe rí. Ẹ rí i pé báńtìrì yín kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

ÀGBÁJỌ KÌ Í ṢE Ẹ̀DÀ

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí ó ń dun àwọn ènìyàn jù nígbà tí mo bá sọ ọ́. Ikú díísìkì nìkan ni àgbájọ mọ ìwòsàn rẹ̀. Bí akọ̀wé yín bá pa ìwé gbèsè rẹ́ ní aago mẹ́wàá, aago mẹ́wàá náà ni yóò pa rẹ́ lórí méjèèjì, nítorí pé iṣẹ́ tí a rán wọn nìyẹn. Bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà, kò ní yọ díísìkì kan sílẹ̀ fún yín. Bí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù, méjèèjì ni yóò jó. Nítorí náà, ẹ máa da ìwé yín kọ sórí díísìkì mìíràn ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ibòmíràn, bóyá ilé yín tàbí ilé ọmọ ìyá yín. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí i, kí ẹ ka ìwé kan nínú rẹ̀, kí ó lè dá yín lójú pé kì í ṣe òfìfo ni ẹ ń tọ́jú.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní fi ọwọ́ ara yín kọ àwọn àṣẹ wọ̀nyí. Ẹnìkan ni ẹ gbà fún un. Ẹ pè é lọ́la, kí ẹ bi í ní ohun mẹ́ta. Ẹ ní kí ó fi lẹ́tà U hàn yín, kí ẹ kà á pẹ̀lú ojú ara yín. Ẹ bi í pé ta ni ìròyìn yóò dé bá bí ọ̀kan bá kú, kí ó sì fi ìwé ìdánwò kan ránṣẹ́ níṣojú yín. Ẹ bi í níbo ni ẹ̀dà tí ó wà níta wà, àti ọjọ́ wo ni ẹnikẹ́ni ṣí i kẹ́yìn. Bí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì san owó rẹ̀ pé. Bí ó bá ń fi ọwọ́ họ orí, ẹ má jẹ́ kí ó padà sílé kí ó tó ṣe é.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a kọ ìwé tí a kò ní rí kà o. Ó dìgbóṣe.